Ṣakabùlà Látara Abẹ́rẹ́ Dókítà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ère Jagunjagun Kéékèèké

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí a ti gbé fọ́tò Balógun tí mo fi odidi oṣù méjì mọ jáde, ìbéèrè yín ò jẹ́ n sinmi, àwọn kan fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ká a, wọ́n fún ẹni tó ń bá wa ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo mú mélòó kan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: ère ológun ayé àtijọ́ la ń sọ, kéékèèké báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ga ju àtàǹpàkò lọ. A lè mọ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, a sì lè mú èyí tí wọ́n ti ṣe lókè òkun, ká gé orí ẹ̀, ká yí apá ẹ̀, ká wọ aṣọ míì fún un títí á fi di ẹlòmíì, lẹ́yìn náà ká wá kùn ún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ mọ jagunjagun Ìbàdàn kan, àmọ́ gbogbo fídíò tí mò ń wò, Green Stuff àti Milliput ni wọ́n ń pariwo, mo wá a dé Dùgbẹ̀, mo wá a dé Gbági, mi ò rí. Ṣé kí n kúkú fi amọ̀ ìkòkò mọ ọ́n? Ìbọn ẹ̀ ńkọ́, kí ni mo lè fi ṣe ìbọn? — Àbúrò yín ní Mọ́kọlá

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fi amọ̀ ìkòkò sílẹ̀. Tí amọ̀ bá ń gbẹ ó máa ń súnkì, nínú ìkòkò ọbẹ̀ kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n lára apá tó tín-ín-rín tó igi ìṣáná, tí wáyà sì wà nínú ẹ̀, kò sí bí ò ṣe ní sán. Green Stuff tí wọ́n ń sọ yẹn, pọ́tì ni, oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan búlúù, tí wọ́n bá jọ pò tán á di àwọ̀ ewé, á rọ̀ fún bíi wákàtí kan àbọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti le gbagidi. Ìbátan ẹ̀ wà nílùú yìí. Lọ sí Àràrómì ní Gate níbi tí wọ́n ti ń ta spare parts, sọ fún wọn pé pọ́tì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí táǹkì tó ń jò lo fẹ́, èyí tí wọ́n ń pò méjì pọ̀. Ó máa ń tètè le ju Green Stuff lọ, oòrùn Ìbàdàn sì tún ń ràn án lọ́wọ́, torí náà ìwọ̀n èékánná ni kí o máa pò lẹ́ẹ̀kan. Èmi tún máa ń po áráldáìtì mọ́ páúdà ọmọ títí á fi dà bí ẹ̀bà tó le díẹ̀, ìyẹn dáa fún aṣọ àti láwàní, kò dáa fún ojú. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí o bá ń pò ó, ó máa ń mú kí ara yún àwọn ẹlòmíì gan. Irinṣẹ́ ò ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí o kì bọ igi, ìtayín, àti fasilíìnì díẹ̀ tí o fi ń pa á lẹ́nu kí pọ́tì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wáyà tí àwọn oníṣẹ́ iná gé dànù, bó o, bàbà inú ẹ̀ leegun ère.

Fi ère tó ga ní 54 mm bẹ̀rẹ̀. Tí o bá pín èèyàn tó ga ní 1.73 m sí ọ̀nà 32, 54 mm lo máa rí. Ìwọ̀n yìí ti pẹ́: ní 1893 ni William Britain ní Lọ́ńdọ̀nù rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń da ṣọ́jà òjé tí inú ẹ̀ ṣófo, 54 mm ló sì fi wọ́n ṣe. Àbúrò, ní 1893 yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ tú ibùdó ká, lẹ́yìn ogun Kírìjì tó ti ń jà bọ̀ láti 1877. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń to ṣọ́jà tiwọn sórí tábìlì, àwọn tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé, kò sì sẹ́ni tó mọ ère wọn ní èèyàn kọ̀ọ̀kan tó ṣeé gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn agbẹ́gilére wa ń gbẹ́ ẹlẹ́ṣin nígbà yẹn o, tó rẹwà, ṣùgbọ́n ti ojúbọ àti ti ààfin ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nípa agbẹ́gilére: má wo bí wọ́n ṣe ń ṣe orí, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó tóbi ni, ó lè tó ìdá mẹ́rin gbogbo ara. Tiwa yìí, orí á wọ inú gíga ara ní ìgbà méje àbọ̀, ìyẹn ni pé orí ère 54 mm ò ju 7 mm lọ. Àmọ́ ètò iṣẹ́ wọn, gbà á bó ṣe wà. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí o ti ń wá bí ara ṣe dúró, ìbàdí, èjìká, ẹsẹ̀ tó gba ìwúwo, láìbìkítà fún ojú tàbí ìka. Jẹ́ kó le mọ́jú. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, o wá ń yọ apá kúrò lára ẹ̀wù, o ń yọ ṣòkòtò kúrò lára ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni dídán. Fínfín ló kẹ́yìn, ojú, ìka, okùn, ilà. Gbogbo ẹni tó bá fi fínfín bẹ̀rẹ̀, mo ti rí iṣẹ́ wọn, ojú á dáa, èèyàn ò ní lè dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ìbọn wá kù. Wọ ilé kẹ́míìsì, ra abẹ́rẹ́ ìgúnni tuntun, èyí tí ìdí ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, 21G ni wọ́n ń pè é. Ìbú ẹ̀ jẹ́ 0.8 mm, gígùn ẹ̀ tó 38 mm. Sọ ọ́ di ìlọ́po 32: irin ìbọn tó nípọn tó 2.5 cm, tó gùn tó 1.2 m, ihò sì ti wà nínú ẹ̀! Ṣakabùlà gan-an nìyẹn, mi ò tíì rí ohun tó jọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ gíláàsì sójú, fi fáìlì gé ẹnu mímú ẹ̀ kúrò, kí o wá gbé e lé ìtayín tí o ti fá di ìdí ìbọn. Má fún ọmọ ogun Ìbàdàn ti 1860, ìgbà ogun Ìjàyè, ní ìbọn tí wọ́n ń ki ọta látẹ̀yìn o. Ìyẹn di ogun Kírìjì, Èkìtìparapọ̀ ló sì kọ́kọ́ fi yọ Ìbàdàn lẹ́nu, ìró ẹ̀ ni wọ́n ní ó bí orúkọ ogun náà. Ẹṣin náà, má gbé gbogbo wọn gùn ún, ìjòyè ló ń gẹṣin, ẹsẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun Ìbàdàn fi ń jà, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ni wọ́n sì ṣẹ́gun ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Aṣọ ẹ̀, kíjìpá tí wọ́n fi ẹlú rẹ, tìrà aláwọ lọ́rùn àti láyà, àdó kéékèèké ní ìbàdí. Fún àdó, yànmọ̀tí kan ṣoṣo ti tó, bó ṣe rí ṣóńṣó lápá kan tó sì fẹ̀ lápá kejì yẹn, bí àdó gẹ́lẹ́ ló rí, rì í sínú gọ́ọ̀mù kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní Bẹẹrẹ fẹ́ máa da ère tiwa kó lè pọ̀. A ti rí bátìrì mọ́tò tó ti kú mẹ́rin, a fẹ́ yọ́ òjé inú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wa. Kí la máa fi ṣe mọ́ọ̀dù ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é rárá, ẹ gbé àwọn bátìrì yẹn padà fún ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láìtú wọn. Ní 2010 ní Zamfara, ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú ẹ̀ nínú ọgbà ilé, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Eruku ni, àwọn ọmọ sì ń ṣeré nílẹ̀ nínú ẹ̀. Èéfín tí ẹ máa yọ lẹ́yìnkùlé yẹn, inú ilẹ̀ tí àwọn àbúrò yín ń jókòó sí ló máa bọ́ sí, kì í sì í kúrò. Ẹ mọ èyí àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ fi rọ́bà sílíkóónì da mọ́ọ̀dù lé e lórí, kí ẹ máa da resin, oje oníkẹ́míkà tó máa ń le bíi rọ́bà líle, sínú ẹ̀ níta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Tí owó ò bá tó, POP táwọn onísílíìnì ń lò á gbà fún ère tó tóbi díẹ̀, ìbọn àti ọwọ́ ni kò ní gbà, ìyẹn ẹ fi wáyà ṣe é. Ẹni tó bá sì ní ṣọ́jà òjé àtijọ́ nílé, ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá dì í mú, ẹ má sì fi fáìlì ha á nínú yàrá.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ní òrìṣà ni mò ń mọ, ọkọ mi ní eré ọmọdé ni. Ọmọ ọdún 34 ni mí, iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe, alẹ́ nìkan ni mo fi ń ráyè mọ ère. Kí ni mo lè sọ fún wọn? — Adúpẹ́, Apẹtẹ

ÌDÁHÙN: Adúpẹ́ mi, má bá wọn jiyàn. Gbé tábìlì rẹ jáde sí pálọ̀ kí ìyá rẹ rí ọ nígbà tí o bá ń ṣe é, torí ohun tí a bá ń ṣe nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn, kò sí ìyá tí kò ní fura sí i. Bi í léèrè ọ̀rọ̀. Báwo ni bàbá tiẹ̀ ṣe ń wé láwàní, ibo ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ há sí, báwo ni wọ́n ṣe ń so kẹ̀ǹbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Bàbá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, mo gbé jagunjagun kan lọ fún wọn wò, tó ga ní 54 mm, wọ́n bọ gíláàsì sójú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹni yìí ni?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí àgédèǹgbé ẹ̀ fi wà ní ìhà ọ̀tún? Ọwọ́ wo ló máa fi yọ ọ́?" Mo gé e kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì lẹ̀ ẹ́ sí ìhà òsì. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì bàbá tó bí bàbá wọn lójú mi níbẹ̀, láti orí dé ìdí, ọmọ wọn tó jókòó tì wá ní òun ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn. Adúpẹ́, ìwọ náà máa bá irú ẹ̀ pàdé. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ, fún un ní bọ́rọ́ọ̀ṣì, kó kun bàtà kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ: Fánísì tí mo fín sí ère mi ní oṣù keje di funfun bí ìkuukù lójú ẹ̀. Ní ọyẹ́, wẹ̀rẹ̀ ni péńtì ń gbẹ lórí bọ́rọ́ọ̀ṣì kí n tó gbé e dé ibi tí mo fẹ́ kùn.

ÌDÁHÙN: Omi inú afẹ́fẹ́ ni fánísì há mọ́nú. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, má fín nǹkankan, dúró dọ̀sán tí oòrùn bá mú, kí o fín in fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ yẹn, fín fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lórí lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń mọ́ padà. Ti ọyẹ́, wá abọ́ rọ́bà oúnjẹ tó ní ìdérí, tẹ́ fóòmù tó ti mu omi sínú ẹ̀, tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì lé e, orí ẹ̀ ni kí o máa po péńtì acrylic rẹ, èyí tí a ń fi omi là, sí. Tí o bá dé e pa, á ṣì tutù lọ́jọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Àwọ̀ ara àwọn ère mi ò dáa. Tí mo bá fi dúdú kùn ún á dà bí èédú, tí mo bá fi funfun tàn án, á dà bí eérú. Òyìnbó inú fídíò kì í sọ tiwa. — Akẹ́kọ̀ọ́ ní Poli

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí nìyí. Èyí tí mo kọ́kọ́ kùn láyé mi, dúdú láti inú ìgò ni mo fi kùn ún. Màmá mi mú un lọ́wọ́, wọ́n wò ó, wọ́n bi mí pé, "Ta nìyí?" Mi ò rí èsì fọ̀, torí kì í ṣe ẹnikẹ́ni, kò sí èèyàn kankan nílùú yìí tí àwọ̀ ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, na apá rẹ. Wò ó dáadáa. Níbi tí oòrùn bà, ṣé funfun lo rí? Rárá, pupa tó fẹ́ jọ epo lo rí, ọsàn díẹ̀, yẹ́lò díẹ̀. Ní abẹ́ apá níbi tí òjìji wà, búlúù tó ṣú ló wà níbẹ̀, tàbí pọ́pù tó ṣú. Torí náà, burnt umber, ìyẹn búráwùn tó ṣú, ni ìpìlẹ̀, fi pupa díẹ̀ sí i. Fún òjìji, fi búlúù tó ṣú bíi aró tàbí pọ́pù pò mọ́ ìpìlẹ̀ yẹn, má lo dúdú. Fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, fi ọsàn, lẹ́yìn ẹ̀ fi yellow ochre, ìyẹn yẹ́lò bí amọ̀, díẹ̀ díẹ̀, kí omi pọ̀ nínú ẹ̀, ìgbà mẹ́rin márùn-ún ni kí o kùn ún lé orí ara wọn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Funfun ló ń sọ ọ́ di ẹni tí kò para lọ́yẹ́. Ètè ìsàlẹ̀ á pọ́n ju ojú lọ, àtẹ́lẹwọ́ á mọ́ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ẹyin ojú kì í funfun báláú, fi búráwùn kín-ń-kín sí i. Tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ, fánísì tó ń dán díẹ̀ ni kí o fi kan iwájú orí, imú àti eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, aṣọ ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dán. Àwa tí a dúdú, ara wa máa ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́nà yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí ti ń wọ ère.

Ti ilà ojú: má fín in jìn, lórí 54 mm ó máa dà bí ọgbẹ́. Fi ìpìlẹ̀ tó ṣú díẹ̀ fa ìlà, kí o wá fi ọsàn tín-ín-rín kan etí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa bá Ìbàdàn mu, torí ibùdó ogun ni ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà níbẹ̀. Àmọ́ tí o bá fẹ́ fún un lórúkọ, tí o fẹ́ pè é ní Ìbíkúnlé tàbí Ògúnmọ́lá, àwọn olórí ogun Ìbàdàn àtijọ́, lọ bèèrè ní agbo ilé wọn kó o tó fa ilà kankan. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo kí ọ o. Ẹni ọdún 71 ni mí, Òkè-Àdó ni mò ń gbé. Bàbá mi lọ ogun Hítílà ní Bọ́mà, fọ́tò kan ṣoṣo la ní, dúdú àti funfun, wọ́n dúró nínú aṣọ ṣọ́jà. Wọ́n ní àpá kan lórí ìpéǹpéjú òsì tí fọ́tò ò mú. Ọmọ-ọmọ mi ra páálí ṣọ́jà kékeré ti Ọsirélíà fún mi, ó ní èèyàn lè sọ ọ́ di bàbá wa. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ọjọ́ gbogbo, òótọ́ ni, ọmọ yẹn sì gbọ́n. Airfix ti ṣe ṣọ́jà Ọsirélíà ní 1/32 rí, aṣọ igbó wọn àti fìlà etí gbòòrò wọn sún mọ́ ti àwọn Bọ́mà bọ́ìsì ju ti ṣọ́jà ibòmíì lọ. Tó bá jẹ́ rọ́bà rírọ̀ ni, tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí ọmọ náà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó sì gbẹ, torí òróró wà lára ẹ̀. Gọ́ọ̀mù nìkan kì í di rọ́bà yẹn mú, kó gún wáyà bọ inú ọrùn àti apá tó bá gé kó tó lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ kó fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà tó ti fi omi là kùn ún yíká kí péńtì tó dé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo péńtì ló máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbé fọ́tò yẹn sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo èjìká bàbá. Tí ẹ bá rí aláǹtakùn, Division 81 (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan) ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n wà, dúdú ni aláǹtakùn yẹn, yẹ́lò ni ilẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, Division 82 nìyẹn. Àwọn 81 ló wọ àfonífojì Kaladan ní 1944, níbi tí mọ́tò ò lè gbà, orí làwọn èèyàn wa fi ru ẹrù gun òkè sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Tí bàbá bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ru ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹrù yẹn kúrò lórí wọn kí ẹ wá gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́ torí pé ìbọn ló wu ọmọdé. Àwọ̀ aṣọ: tó bá jẹ́ pé ilé níbí ni wọ́n ti ya fọ́tò kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi, tó jẹ́ ṣòkòtò péńpé, kakí ni kí ẹ kùn ún. Tó bá jẹ́ pé Bọ́mà ni wọ́n ti yà á, àwọ̀ ewé tó ṣú ni.

Ojú wọn, kí ọmọ náà fá imú àti ètè tó wà lórí ẹ̀ kúrò pátápátá, kó fi pọ́tì mọ ọ́n tuntun, bí mo ṣe sọ fún àbúrò wa ti Mọ́kọlá, kó sì ka ohun tí mo sọ fún ọmọ Poli nípa àwọ̀ ara. Tí bàbá bá pupa, kó pupa. Àpá orí ìpéǹpéjú yẹn ò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ ní ìwọ̀n yìí, ìlà kan ṣoṣo ni, kò sì sí bọ́rọ́ọ̀ṣì tó lè pa á rẹ́ láìba ojú jẹ́. Torí náà, Màmá, kí ẹ tó jẹ́ kó fà á, ẹ pe àwọn àbúrò yín tó kù jọ sílé lọ́jọ́ Sunday kan, kí kálukú fi ìka han ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí lójú bàbá.